Ilẹ̀ Màmá Lórí Aṣọ Tábìlì Mi

Dọ́là mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ra aṣọ tábìlì náà, níwájú ilé ẹnì kan tó ń kó ẹrù ilé rẹ̀ tà ní Bowie, ní Amẹ́ríkà níbí. Dọ́là mẹ́fà ló kọ́kọ́ pè é. Mo ní kó má dá mi lágara, aṣọ tí ọbẹ̀ ti ta sí. Àwọ̀ rẹ̀ ló wù mí, àti apá kan tí wọ́n fa ìlà-ìlà sí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ará Ọ̀yọ́. Ta ló máa ń bi aṣọ tábìlì pé kí ni wọ́n yà sí i lára?

Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àti ẹran ni mo ní, ní Hillcrest Heights. Tí ẹ bá rìn díẹ̀ tí ẹ sọdá títì, ẹ ti kúrò ní Maryland, ẹ ti wọ DC nìyẹn. Ọlọ́pàá ibí kì í bá ti ọ̀hún jà. Oníkálukú mọ ibi tí tirẹ̀ pin sí. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn. Mo tẹ́ aṣọ mi, mo to panla àti ata gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ní oníbàárà kan, nọ́ọ̀sì, ọmọ Gàyánà ti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti ìlú wọn wá ṣe ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ti sọ pé ewúrẹ́ mẹ́ta lòun máa rà lọ́wọ́ mi. Ewúrẹ́ mẹ́ta! Mo ti fi èrè rẹ̀ ra fírísà tuntun nínú ọkàn mi. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó mú ìyá náà wá kí wọ́n fojú ara wọn yan ẹran.

Ṣé èmi náà ò ní ṣe ọmọlúàbí ni? Mo palẹ̀ panla mọ́ lórí tábìlì, mo fa àga, mo ní kí màmá jókòó kí n wá ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn. Màmá ò jókòó. Wọ́n na ìka sí ibi ìlà-ìlà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì la jọ sọ o, tèmi ń tiro. Mo kàn ń tún un sọ lédè wa ni.

"Ta ló gbé ilé mi síbí?"

Mo wo aṣọ títí, mi ò rí ilé kankan. Nọ́ọ̀sì ló là mí lóye. Àṣé máàpù Fẹnẹsuẹ́là, orílẹ̀-èdè tó bá tiwọn pààlà, ni. Ẹsẹkíbò lorúkọ ibi ìlà-ìlà, ibẹ̀ ni wọ́n bí màmá sí. Ìjọba Gàyánà ló ń ṣàkóso rẹ̀: tiwọn ni ilé ẹ̀kọ́, tiwọn ni ọlọ́pàá, àwọn ni màmá ń san owó orí fún. Ṣùgbọ́n ìjọba Fẹnẹsuẹ́là ní òun lòun ni ín, ó sì ń yà á mọ́ máàpù tirẹ̀.

Ẹnu mi ò lè padé. "Ṣé èèyàn ń gbé ibẹ̀?"

"Èmi ńkọ́?" ni màmá wí. "Àbí iwin ni mo jọ lójú rẹ?"

"Ẹ ò kẹ́rù, ẹ ò kúrò nílé, wọ́n ti kó yín lọ sílùú mìíràn lórí aṣọ tábìlì!" Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀rín ìyàlẹ́nu ni, Ọlọ́run rí mi. Wọn ò bá mi rín in.

Mo ní kí n tún un ṣe. Èmi ọlọ́jà, ọ̀nà kan ni mo mọ̀ tí à ń gbà parí àríyànjiyàn: ẹni tó pè é wọ́n, kó já a wálẹ̀, ẹni tó ná an pọ́ọ́kú, kó fi kún un. "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ná an lọ́wọ́ yín. Ẹ fi etí ibí yìí fún wọn, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bojú.

"Etí tí o fẹ́ fún wọn yẹn la sin ọkọ mi sí," ni màmá wí. "Èló ni kí n pè é?"

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀.

"Dìde. Ìwọ kọ́ lo yà á. Ṣé o ní àlùmọ́gàjí?"

Èyí tí mo fi ń tú àpò edé ni mo fún wọn. Wọ́n gé ibi ìlà-ìlà náà yípo, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gé irun ọmọ. Wọ́n ká a, wọ́n fi sápò. "Èló laṣọ rẹ?"

"Dọ́là méje." Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Mo ti fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n ná an.

"N ò ná nǹkan kan lónìí." Wọ́n ka méje pé, wọ́n kó o sójú ihò tó wà láàárín aṣọ, wọ́n jáde.

Lọ́wọ́ ọlọ́jà mìíràn ní Springdale ni wọ́n ti lọ ra ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní tèmi, ohun tí mo jẹ lérè nínú ọ̀rọ̀ ìjọba méjì ni dọ́là méjì àti àádọ́ta sẹ́ǹtì.