Mo Wá Etí Lọ sí Yábàá

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti jókòó sínú bólẹ́kájà tó ń lọ sí Èkó, mo gbé àpótí ìgbọ́ràn mi lé itan. Ìsẹ́yìn ṣì ń sùn. Ọkọ̀ ń mì, ẹnu àwọn èrò ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Bí àlá ni ayé ń rí lójú mi nígbà yẹn.

Ládàánì ni mí. Èmi ni mò ń pe ìrun, èmi náà ni mò ń gba ohùn Lèmọ́ọ̀mù fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ní Jímọ̀ kan, Lèmọ́ọ̀mù ti gbérí, n kò gbọ́. Gbogbo àwa ẹ̀yìn forí kanlẹ̀ síbẹ̀ títí ẹnì kan fi fà mí láṣọ. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní bí etí mi kò bá là kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún Búràímọ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ó dùn mí wọra. Gàníyù, ọkọ ọmọ mi, ti fi àpótí yìí, ẹ̀rọ tó ń ran etí lọ́wọ́, ránṣẹ́ sí mi láti Yábàá, àmọ́ inú òjò ni wọ́n gbé e bọ̀, yíyadi ló sì yadi dé ọwọ́ mi.

A gba Abẹ́òkúta. Ní Agége mo ra búrẹ́dì tọ́rọ́, ó gbóná débi pé mò ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì. Nílé, ẹ̀kọ tútù là bá máa jẹ. Láti Múṣin ni ilé ti fún mọ́ra, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, ọ̀nà ọ̀dà sì ń dán nínú òjò. Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, awakọ̀ pariwo sí mi létí títí mo fi gbọ́:

“Bàbá, ẹ sọ̀ níbí o. Yábàá ò jìnnà mọ́.”

Nígbà tí mo dé ilé Gàníyù, Àṣàbí ọmọ mi gbé ìrẹsì fún mi. Oúnjẹ ọdún ni lọ́dọ̀ tiwa. Ọjọ́ lásán ni wọ́n ń jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Kẹ́mísírì, ìmọ̀ nípa àpòpọ̀ èròjà, ni Gàníyù ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Ó tú àpótí náà, ó sì fẹnu sí mi létí. “Iyọ̀ ni wọ́n fi ṣe ohun tó ń gba ohùn nínú rẹ̀, Bàbá. Ọ̀rinrin ti yọ́ ọ. Màá ṣe èyí tó dà bí ìkòkò amọ̀ fún yín.”

Ó po ìyẹ̀fun funfun méjì, ti báríọ́mù àti ti títéníọ́mù, èròjà tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Ó lọ̀ wọ́n, ó sun wọ́n nínú ìléru, ó tún wọn lọ̀, ó tẹ̀ wọ́n pọ̀ di pẹlẹbẹ kan bíi kọ́bọ̀, ó tún sun ún. Ó ní àwọn òyìnbó kan ń fi òjé sí tiwọn, òun ò ní gbé májèlé kọ́ àna òun láyà. Lẹ́yìn náà ó fi fàdákà kun ojú rẹ̀ méjèèjì, ó jù ú sínú epo gbígbóná, ó sì tan iná mànàmáná sí i.

“Kí lo tún ń dín?” mo bi í.

“Ó ti jinná, Bàbá, àmọ́ kò tíì jí. Gbogbo hóró inú rẹ̀ ló kọjú síbi tó wù ú. Iná yìí ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú síbì kan.”

“Bí àwa ṣe ń kọjú sí gábàsì tí a bá ń kírun?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Tí ohùn bá wá kàn án, á sọ ọ́ di iná, iná á sì gbé e dé etí yín.”

Mo dúró ti epo náà pẹ́, ọkàn mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

Nígbà tó fi í sínú àpótí, tó sì ki okùn rẹ̀ bọ̀ mí létí, bàtà Àṣàbí lórí sìmẹ́ǹtì ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Omi bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe ń padà, mo gbọ́ òjò lórí ọkọ̀, mo gbọ́ ẹkún ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀ ni mo délé, ó ku díẹ̀ kí àkókò Alásàrì tó. Mo gba mọ́ṣáláṣí lọ tààrà, mo gbé ọwọ́ sétí, mo pe ìrun. Ohùn gbígbẹ kan, tó ń gbọ̀n, tó ń ṣìnà, ló jáde láti inú àpótí. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo pe Búràímọ̀ sọ́dọ̀.

“Ṣé bí ohùn mi ṣe rí nìyí?”

Ó wolẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. A ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́ ni.”

Èyí dùn mí ju dídi etí lọ. Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún àwọn àgbà pé etí mi ti là, mo sì fa iṣẹ́ náà lé Búràímọ̀ lọ́wọ́. Mo jókòó ní ìlà iwájú, mo gbọ́ ìpè Búràímọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń pe àwọn ènìyàn wá kírun. Ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan pe èmi náà.