Ọjọ́ tí Gbogbo Aláìsàn Di Sàbítíù

"Ọmọ mi, ṣé Sàbítíù náà ló lóyún ni?"

Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn kan ní Adéníji Adélé ló bi mí bẹ́ẹ̀, wọ́n na ìwé tí kọ̀ǹpútà wa tẹ̀ jáde sí mi. Ogójì aláìsàn ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń jẹ́ Sàbítíù, títí dé wọ́ọ̀dù aláboyún. Irú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ síwájú gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ lójú tèmi. Bí wọ́n bá lọ fa irú ẹ̀jẹ̀ Sàbítíù sí ẹlòmíì lára ńkọ́? Ọ̀gá wa sì ti sọ ọ́ lójú mi pé bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe fún ilé ìwòsàn yẹn bá bàjẹ́, kí n wá ibòmíì lọ.

Àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Mo sáré padà sí ọ́fíìsì wa ní Pópó Àgùdà. Ẹ̀gbọ́n Ráṣídì, tó kọ́ mi ní èdè C tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà, ka ohun tí mo kọ. Kì í pariwo mọ́ni. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí irú sùúrù yẹn.

"Níbí yìí, kí lo rò pé o ṣe?"

"Mo da orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan kọ síbẹ̀ ni."

"O ò dà á kọ. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Agboolé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan ló mú mi lọ. Yàrá tò lọ gbọọrọ.

"Array nìyí," ló wí, "yàrá tó fara kanra. Bí o bá dárúkọ rẹ̀ fún C, ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ló máa nàka sí. Pointer ni ìwé pélébé tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí. O lè yí àdírẹ́sì inú ìwé padà sí ti ilẹ̀kùn kejì. Ilé ò lè ṣí kúrò níbi tó wà." Ó fọwọ́ kan yàrá àkọ́kọ́. "Ayálégbé mẹ́ta ti gbé ibí lójú mi. Bí o bá ń wá wọn lónìí, tó jẹ́ àdírẹ́sì yìí nìkan lo ní, ta lo máa bá?"

"Ẹni tó kó wọlé kẹ́yìn."

Háà! Nínú kọ̀ǹpútà, yàrá kan ṣoṣo ni mo ń gba orúkọ aláìsàn sí. Ọ̀kan á jáde, òmíì á wọlé, àdírẹ́sì yàrá náà ni mo sì kọ fún gbogbo ogójì. Sàbítíù ló wọlé kẹ́yìn.

A padà. Mo fún kálukú ní yàrá tirẹ̀, mo da orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ síbẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíì. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì fi ìwé tuntun wé káàdì àwọn aláìsàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sàbítíù kan ṣoṣo ló kù.

"Ta ló tún un ṣe?" Ọ̀gá wa ló béèrè, ojú Ẹ̀gbọ́n Ráṣídì ló ń wò.

Mo fẹ́ lanu, Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́.

"Òun náà ni, sà. Èmi kàn mú un dé ilé wa ni."