Irin Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi. Má bá mi tún un ṣe.

Nígbà tí ọkọ mi ra alùpùpù, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ìtamága wa ní Ìkòròdú ni. Alùpùpù pupa ni. Gbogbo ọjọ́ ọjà Èjìnrìn ló máa ń gbé mi lọ ra ẹja, èmi lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ ẹja lórí itan mi. Àwọn obìnrin àdúgbò á máa pariwo: "Ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ di ọkọ yín mú o!" Ọmọ márùn-ún ni mo ti bí nígbà yẹn. Inú mi á sì máa dùn.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ gùn ún ló ti sọ ọ́: "Ìyàwó mi kò ní ya ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ẹ̀gbẹ́ ni kó o jókòó sí." Mo gbà. Ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń wà lápá òsì, lórí irin tí èrò ẹ̀yìn ń gbé ẹsẹ̀ lé. Irin ẹsẹ̀ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálẹ́ńsà, páìpù èéfín tó máa ń gbóná bí ààrò, kíká ló máa ń wà. Kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yẹn ló gbé mi ṣubú lọ́nà Ìmọ̀tà. Alùpùpù fo kòtò, èmi ò bá a fò. Ìbàdí ni mo fi balẹ̀. Ó gbé mi dìde, ó ní mi ò di òun mú dáadáa ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tiro; ìwọ náà mọ ìrìn mi. Mo tún gùn ún, ẹ̀gbẹ́ náà ni mo sì jókòó sí.

Ẹnu títì Èjìnrìn ló máa ń já mi sí, kì í wọ ọjà. Á ní òun ń lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun ní Ẹ̀pẹ́. Ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó wá gbé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, níwájú ilé, mo rí i pé irin ọ̀tún wà ní ṣíṣí, ẹrẹ̀ ti gbẹ lé e lórí.

"Bàbá wọn, ta lẹ gbé?"

"Ááfà wa ni."

Mo gbà á gbọ́. Ṣebí ọkùnrin ló ń ya ẹsẹ̀.

Lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, obìnrin kan tó ń ta gààrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì rí ojú egbò iná ní inú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó fi epo pupa pa á. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Àbúrò, kí ló jó ẹ báyìí?"

"Sálẹ́ńsà ni, mà. Ọkọ mi ló gbé mi lọ Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá."

Ẹlẹ́ja kan bú sẹ́rìn-ín: "Ọkọ ará Ìkòròdú, alálùpùpù pupa! Ó ní kó ya ẹsẹ̀ kó lè dì mọ́ òun dáadáa. Ìfẹ́ ò jẹ́ kó rántí iná!"

Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mọ̀ mí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí kì í fi í wọ ọjà.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, mo ká ìró mi sókè, mo ya ẹsẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé irin ọ̀tún.

"Kí lò ń ṣe yẹn? Sọ̀ kalẹ̀! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Ẹ máa lọ. Mo fẹ́ dì mọ́ yín dáadáa."

Ó mọ ohun tí mo gbọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Bó ò bá jókòó bí ìyàwó ilé, a ò kúrò níbí."

Bọ́ọ̀sì ti tán lọ́nà, omi ẹja ń ro sí mi lára. Mo sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe obìnrin yẹn ló ń dùn mí títí dòní, sísọ̀ tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni. Mo yí ẹsẹ̀ méjèèjì sápá kan, mo sì di ìbàdí rẹ̀ mú títí dé Ìtamága. Wọ́n tún pariwo: "Ìyàwó ọ̀ṣìngín!"

Nígbà tó wọlé lọ kírun, mo tiro lọ sídìí alùpùpù, mo fi ọwọ́ ara mi ká irin ọ̀tún sókè.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, nígbà tó padà wá gbé mi, irin ọ̀tún ti tún wà ní ṣíṣí.