Yẹ̀kínì Kò Lè Wo Ẹnu Ẹyẹ Tó Ń Jẹun

Ní Boukoki, ní ìlú Niamey, ojú tí kò tíì dúró rí níwájú kámẹ́rà Yẹ̀kínì kò pọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, òwò aṣọ ló gbé e wá sí ọjà Grand Marché kó tó bí i. Yẹ̀kínì ní tirẹ̀ kò fẹ́ aṣọ títà, fọ́tò ló yàn. Wọ́n ní nígbà tí ilé fọ́tò rẹ̀ ń tà, èrò a tò láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé àdúgbò Lazaret lọ́hùn-ún. Ẹ bu ìdajì kúrò níbẹ̀, ẹ tún bu ìdajì èyí tó kù. Ó ṣì pọ̀ fún onífọ́tò kan. Bó bá ní kí ọmọ jòjòló má ṣẹ́jú, ọmọ náà kò ní ṣẹ́jú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo ayé di onífọ́tò. Kálukú ń fi fóònù ya ara rẹ̀, àwọn tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ náà ra kámẹ́rà tiwọn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Yẹ̀kínì nígbà tó jẹ́ pé eṣinṣin nìkan ló kù tó ń wọlé tọ̀ ọ́. Ó wá ń gbé kámẹ́rà lọ sí etí Odò Ọya láàárọ̀, ó ń ya ẹyẹ apẹja, ẹyẹ dúdú-funfun kan tó máa ń dúró sójú kan lófuurufú bí ohun tí wọ́n fi òwú so rọ̀, kó tó já lu omi gbé ẹja.

Ọ̀kan nínú fọ́tò wọ̀nyí ló gbé kọ́ sára ògiri tí Moyinolúwa fi rí i lọ́jọ́ tó wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ọmọ Yorùbá ni obìnrin náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ kan tó ń tọ́jú odò. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ìwé ẹyẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn sì ń wá ẹni tí yóò bá àwọn ya fọ́tò fún ọdún kan gbáko. Ohun kan ló fi dán Yẹ̀kínì wò: ẹyẹ kan, ẹja kan, láti ìgbà tó bá ti gbé e nínú omi títí yóò fi gbé e mì. Ó fún un di Jímọ̀.

Yẹ̀kínì rò pé iṣẹ́ ti bọ́ sóun lọ́wọ́. Ó gbàgbé ẹni tó tọ́ ọ dàgbà.

Tọ̀yìbátù ìyá rẹ̀ kì í na ọmọ, ojú ló fi ń bá ọmọ wí. Bí wọ́n bá dé ilé onílé, tí wọ́n bá àwọn ará ibẹ̀ nídìí oúnjẹ, Yẹ̀kínì gbọ́dọ̀ mójú kúrò. Kó wo ògiri, kó wo ewúrẹ́, bí kò bá sí ewúrẹ́ kó wo èékánná ara rẹ̀. Ọmọ tó bá ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun, wọ̀bìà ni. Ó ti tó ogún ọdún tí ìyá náà ti wọlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a lọ.

Ní Àtìní, ẹyẹ gbé ẹja, kámẹ́rà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ẹyẹ bà sórí ẹ̀ka, ó na ẹja mọ́ igi, oúnjẹ kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ni Yẹ̀kínì bá rí i pé ewúrẹ́ kan létí odò lòun ń wò. Àtàlátà, bákan náà. Àlàrùbá, ó búra kó tó kúrò nílé, ọrùn rẹ̀ kò gbà.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Ànísátù aya rẹ̀, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

“Bàbá Fàtímà, ẹyẹ ni, kì í ṣe àna yín.”

Yẹ̀kínì ní òun mọ̀ pé ẹyẹ ni, ọrùn òun ni kò mọ̀.

Ànísátù wá rò ó wò. “Àwọn tó bá jọ ń jẹun ńkọ́? Ṣebí wọ́n ń wo ara wọn. Ẹ gbé oúnjẹ tiyín dání.” Ó di kílísì, ẹran gbígbẹ pẹlẹbẹ, sínú bébà fún un.

Ní Àlàmísì, ẹyẹ náà já lu omi, ó gbé ẹja tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Kí ìròyìn rẹ̀ tó dé Boukoki, ó ti gùn tó apá. Bó ti ń na ẹja mọ́ ẹ̀ka ni Yẹ̀kínì ń ge kílísì jẹ. Ọrùn rẹ̀ dúró. Ó ń jẹ, ó ń wò, ó ń tẹ kámẹ́rà. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó wo ẹnu ẹlòmíì láìtijú, ohun tó sì rí ni pé ẹyẹ náà kò jẹun. Ó yí ẹja náà lẹ́nu títí orí ẹja fi kọjú síta, bí ẹni tó fẹ́ fi èèkù ọ̀bẹ lé ènìyàn lọ́wọ́. Ó fò lọ sí ihò kan lára bèbè odò, níbi tí abo rẹ̀ ti yọrí. Akọ ní ìlà dúdú méjì láyà, abo ní ẹyọ kan. Abo gba ẹja, ó gbé e mì.

Yẹ̀kínì gbé kámẹ́rà sórí itan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi mójú kúrò fún ẹni tí kò jẹun. Ó ṣeé ṣe, ó rò ó nínú ara rẹ̀, kó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nǹkan lòun ti mójú kúrò lára wọn báyìí, tóun ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ní Jímọ̀, Moyinolúwa yẹ fọ́tò náà wò, ó yìn ín gan-an, ṣùgbọ́n ó ní ẹyẹ méjì ló wà níbẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣé kí wọ́n gé àyà ẹyẹ kejì kúrò nínú fọ́tò kó lè jọ ẹyẹ kan ṣoṣo, ọmọdé wo ni yóò máa ka ìlà?

“Màdáámù, ẹni tó pa ẹja yẹn kò tọ́ ọ wò,” ni Yẹ̀kínì wí. “Bí mo bá ní ó jẹ ẹ́, mo parọ́ mọ́ ọn.”

“Bàbá, àwọn tó máa tẹ ìwé ń dúró. Ẹlòmíì sì wà tó fẹ́ iṣẹ́ yìí.”

“Ẹ fún mi di ìrun àsárì ọ̀la.”

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ, ó ti jókòó sétí odò. Ẹja àkọ́kọ́, orí kọjú síta, ó di inú ihò. Ẹja kejì, bẹ́ẹ̀. Lórí ẹkẹta ni kílísì tán. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, ẹja márùn-ún ti wọlé, ebi sì ti jọ ń pa Yẹ̀kínì àti ẹyẹ náà. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ẹyẹ náà gbé ohun kan tó tín-ín-rín bí ìka ọmọdé jáde nínú omi. Kò tilẹ̀ nà án mọ́ igi. Ó yí orí ẹja náà sínú, ó gbé e mì, ó nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu Yẹ̀kínì, síbẹ̀ kò mójú kúrò.

Ó fi fóònù fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Moyinolúwa fi pè é, ó ní ṣé kò sí ẹja tó tóbi ju èyí lọ, pé àwọn ọmọdé kò ní rí i dáadáa nínú ìwé.

“Àwọn ńlá wà,” ni Yẹ̀kínì dáhùn. “Ó ti kó wọn lọ fún ìyàwó. Èyí tóun jẹ nìyẹn.”

Ohùn obìnrin náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ní kó wá ní Àtìní wá gba ìwé iṣẹ́, àwòdì ni wọn yóò kọ́kọ́ yà.