Ọjọ́ Tí Mo Dáhùn fún Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá, ẹnu mi ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nílé wa ní Alajo, ní ìlú Accra. Ẹ má rò pé mo ń fọ́nnu o. Àwọn òbí mi gbọ́ Gáà, wọ́n gbọ́ Tíwì, èdè àwọn ará Gánà, ṣùgbọ́n tí ìwé bá ti dé láti ọ́fíìsì, tàbí tí ẹnì kan bá wọlé tó ń sọ Òyìnbó, èmi tí mo ń lọ sílé ìwé ni wọ́n máa ń pè. Màá dúró láàárín àgbà méjì, màá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan, màá gbé e fún èkejì. Ó máa ń dùn mọ́ mi. Ọmọ tí wọ́n ní kó máa dákẹ́ níbi tí àgbà bá wà, kí àgbà wá máa wo ẹnu rẹ̀, ṣé nǹkan kékeré ni?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Makola. Aláwàdà ni, ó lè pa ẹni tó wá ra ata lẹ́rìn-ín títí tí onítọ̀hún á fi ra ọ̀pá aṣọ méjì lọ sílé. Yàrá rẹ̀ ni mo ń sùn, òun ló sì ń dirun fún mi. Kò lọ́mọ. Ohun tí èmi mọ̀ nìyẹn, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè, torí ọmọdé kì í béèrè irú rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1969 ni ìjọba kéde lórí rédíò pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àjèjì! Ìlú tí wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ bí àdúgbò ṣe ń rí tí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ bá ń dẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn aládùúgbò tí a jọ ń jẹ kẹ́ńkẹ́ ń ra ìkòkò wa àti àga wa, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń sunkún bí wọ́n ṣe ń rà á. Bàbá mi ń wá ọkọ̀ akẹ́rù kiri. Ìyá mi ń di àwo sínú aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò di nǹkan kan. Láti ìgbà tí rédíò ti sọ̀rọ̀ ló ti dákẹ́. Kò jẹun, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kò rí ọ̀rọ̀ kan gbà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó jáde ní òwúrọ̀ kùtù láìwé gèlè. Lẹ́yìn Abossey Okai ni wọ́n ti rí i, tó ń rìn lọ sí ọ̀nà Kaneshie ní àárín títì gan-an, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè fún un, tí kò yà. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀. Ìyá mi kò lè dárúkọ ilé náà. “Ibẹ̀ yẹn” ló ń pè é.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọkọ̀ wa gbéra nígbà tí dókítà ránṣẹ́ sí wa. Àwọn nọ́ọ̀sì ti bá a sọ Tíwì, wọ́n ti bá a sọ Gáà, kò fèsì, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́ méjèèjì dáadáa. Dókítà ní bóyá èdè ilé rẹ̀ ló máa là á lẹ́nu, kí a mú ẹni tó lè ṣe ògbufọ̀ wá. Ó ní òun kò lè fi ẹni tí kò jẹun, tí kò sọ̀rọ̀, sínú ọkọ̀ tó máa rin ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ta tún ni wọn ì bá mú lọ bí kò ṣe èmi?

Ìyá mi dá mi dúró lẹ́nu géètì, ó di etí mi mú. “Ohun yòówù tí wọ́n bá bi í, sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Ṣé o gbọ́? Tí wọn ò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ lónìí, a ó fi í sílẹ̀ síbí lọ nìyẹn.”

Mo gbọ́. Kò sí ohun tí n kò ní sọ kí a lè mú un lọ.

Dókítà náà ga, ọmọ apá àríwá Gánà tí kò gbọ́ Tíwì tàbí Gáà ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó níwájú tábìlì rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ń wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò dáhùn. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kí n bi í bóyá ó mọ ibi tí ó wà. Ẹ gbà mí o! Ṣé ọmọdé á bi àgbà bóyá ó mọ ibi tí ó wà? Mo yíjú sí i, mo ní, “Dókítà ní kí n kí yín, wọ́n ní ẹ kú ìrọ́jú.” Mo wá sọ fún dókítà pé ó mọ̀. Ó ní kí n bi í bóyá ó máa ń gbóhùn èèyàn níbi tí kò sí èèyàn. Mo bi í bóyá ó sùn dáadáa. Mo sọ fún dókítà pé ó ní rárá, pé ara òun ti le. Ètè rẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Dókítà wo ètè náà, ó wo èmi, ó sì rọra gbé bírò rẹ̀ sórí tábìlì.

Lẹ́yìn náà ló béèrè iye ọmọ tí ó bí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó tiẹ̀ lọ́mọ, a kì í bi í ní iye, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tí kò ní. N kò lè gbé ìbéèrè yẹn débẹ̀. N kò tilẹ̀ yíjú sí i. Mo dá dókítà lóhùn kíá ní èdè Òyìnbó pé kò bímọ rárá.

“Mo bí.”

Ohùn náà há. N kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. Ẹni tó ti ń tajà ní Makola láti ọjọ́ pípẹ́, ṣé Òyìnbó kékeré yẹn ni kò ní gbọ́? Ojú mi ló ń wò.

“Mo bí. Ọkùnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni kó tó lọ. Ó ń bẹ ní itẹ́ òkú ọ̀nà Kaneshie. Gbogbo yín ń di ìkòkò, ẹ ń di àwo, kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ mi ńkọ́. Ta ni n ó fi í sílẹ̀ fún?”

Ibẹ̀ ló ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú un.

Dókítà ní kí n sọ ohun tó wí. Ìyá mi já mi ní èékánná lẹ́yìn àga. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kó bá wa lọ. Tí mo bá pa á mọ́, a ó gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹrù. Mo wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó ṣì ń wò mí, ó ń dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò dín, n kò fi kún un.

Dókítà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó ní kí n bi í ní orúkọ ọmọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó ní kí n béèrè ni mo béèrè. Ó pè é. Wọn kò pe orúkọ yẹn nílé wa rí, n kò sì ní pè é fún yín, torí tirẹ̀ ni. Ìyá mi bú sẹ́kún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà wá pé a ó tún ṣí egbò yín ni.”

“Èwo ló jiná níbẹ̀?” ni èsì tó gbà.

Nọ́ọ̀sì kan tí kò gbọ́ Yorùbá gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. “Maame, didi,” ó ní, pé kí màmá jẹun. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mu ún dé ìdajì.

Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó bá wa lọ. Dókítà ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni. “Ìjọba ló ka ọ̀sẹ̀ méjì,” ó ní. “Àìsàn kò gbọ́ rédíò.” Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ wa ṣe gbéra láìsí i. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Aflao ní ẹnubodè Gánà títí a fi dé Ìdí-Ìròkò, mo sì kórìíra ara mi. Mo búra pé n kò ní sọ Òyìnbó mọ́ láyé mi.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì yẹn ti bá a lọ síbi ibojì lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra rẹ̀ sì ti bá ọmọ rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ bá a sọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pè mí láti dirun fún mi. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ yẹn, pé mi ò bímọ, ó dùn mí ju àìsàn lọ. Ìrora rẹ̀ ló là mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n má dáhùn fún ẹni tó ní ẹnu mọ́.” Lẹ́yìn náà ló fà mí nírun débi tí mo fi ké.

Ayé ti yí. Accra ni ọkọ mi tún mú mi padà wá, ibẹ̀ náà ni mo darúgbó sí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ lórí rédíò báyìí láìtijú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ayé wa kò lè béèrè lọ́wọ́ àgbà. Tòde òní ń béèrè, ó sì ń dáhùn pẹ̀lú. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń pè mí ní Nana, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Tíwì ló fi ń fèsì, mú mi lọ rí dókítà láìpẹ́ yìí, nítorí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni n kì í sùn. Dókítà béèrè bí ara mi ṣe rí. Kí n tó la ẹnu, ọmọ yìí ti ní mò ń jẹun, mò ń sùn, ara mi le. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má dá mi dúró sọ́dọ̀ wọn. N kò lè bínú sí i.

Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún rẹ̀. Mo ní, “Nana ò tíì dáhùn.”

Dókítà yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn fún mi.