Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ fún Bàbá Aránbàtà

Ata rodo mẹ́rin ti di igba náírà lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń bá aláta fà á nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú dé ìdí àtẹ mi ní Agége. Wọ́n ní kí bàbá aránbàtà tó ń jókòó lábẹ́ agbòòrùn mi mú ìwé rẹ̀ wá.

Ìwé wo? Páálí tó fi ń gé ìtẹ́sẹ̀ bàtà nìkan ló jọ ìwé lọ́wọ́ bàbá.

Sílípáàsì tí ilé-iṣẹ́ onírọ́bà kan ní Ìkẹjà bá kọ̀ ni mo ń tà. Bàbá ló ń bá mi rán èyí tí okùn rẹ̀ bá já. Bí wọ́n bá mú un lọ, ọjà mi náà bá a lọ nìyẹn. Mo bá dá sí i.

"Ọ̀gá, ẹ fi bàbá yìí sílẹ̀ o. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ládùúgbò yìí. Ojú mi kòrókòró yìí ló ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ Kútọnu, tòun tàpò."

Ọ̀gá wọn ṣíwèé. "Kútọnu lẹ ní, mà?"

"Kútọnu ni. Faransé nìkan ló ń sọ nígbà náà. Gbogbo Yorùbá ẹnu rẹ̀ yìí, àwa la kọ́ ọ."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ tẹ̀ka síbí."

Mo tẹ̀ka, inú mi ń dùn. Ìgbà tí wọ́n ní kí bàbá wọ mọ́tò ni aláta wò mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fà á lé wọn lọ́wọ́ yẹn."

Bàbá, tó ti ń pè mí ní ìyàwó látọjọ́ tí mo ti ilé bàbá mi wọlé ọkọ ládùúgbò kan náà, ki abẹ́rẹ́ àti òwú sápò. "Ìyàwó, o ṣeun. Bí wọ́n bá tún bi ọ́, sọ pé o ò mọ̀ mí rí."

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo dé ìdí àtẹ, bàbá ti jókòó, ó ń gé páálí.

Ó ní àwọn aṣọ́bodè ìhà Kútọnu sọ Faransé sóun ní bọ́dà, òun ò rántí kankan mọ́. Wọ́n ní ọmọ Agége lòun, kóun padà sílé. Ó padà, àwọn tiwa ní orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tó ti lọ, ẹni tó ti lọ ò sì lè wọlé. Ni bàbá bá jókòó sáàárín ìhà méjèèjì. Bàtà ọ̀gá kan lanu, ó bá a rán an. Kí wọ́n tó mọ̀, bàtà ìhà méjèèjì ti tò síwájú rẹ̀. Ìgbà tí bàtà tán ni wọ́n rí i pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ.

"Síbo?"

"Síbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, bàbá."

Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àti irinwó náírà ló pa níbẹ̀. Àlọ, ọkọ̀ ìjọba gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Àbọ̀, ó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Èrè tó jẹ lórí pé wọ́n lé e kúrò nílùú: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àti irinwó náírà.