Ojú Ìwé Tí À Ń Fà Ya

Mi ò ní lo "wọn" fún olùkọ́ yìí nínú ohun tí mo ń kọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti bàbá mi kò ju ara wọn lọ. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, mo máa ń ní "ẹ" àti "sà" bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ṣùgbọ́n bébà tèmi ni èyí. "Ó" ni yóò máa jẹ́ níbí.

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ló kọ́ wa ní kọ́ọ̀sì ìṣirò kan tí gbogbo àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ okòwò gbọ́dọ̀ yege ká tó lè jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé tí a ń lò. Ìwé náà kò nípọn, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún irú mi. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ní nọ́ńbà lára, nọ́ńbà ìwé kan kò sì jọ ti òmíràn. A gbọ́dọ̀ fà á ya, ká kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sórí rẹ̀, ká fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá ra ìwé tuntun kò ní ojú ìwé yẹn, kò sì ní máàkì. Àwọn tó ṣáájú wa ò lè fún wa ní tiwọn, torí wọ́n ti fà á ya.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń tún ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe ní ibùdókọ̀ Coconut, àmọ́ lọ́dún yẹn ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́, wọn ò sì lè wọ abẹ́ ọkọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹnu mi ò gbà á láti béèrè owó ìwé. Mo yá ìwé ọ̀rẹ́ mi, mo ṣe fótókópì ojú ìwé ẹ̀yìn náà, mo kọ iṣẹ́ mi sí i, mo fi sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé bébà mi sókè níwájú kíláàsì.

"Ta ló ni èyí?"

Mo dìde.

"Níbo lò ń gbé?"

"Ajégúnlẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ̀. Fótókópì ni gbogbo yín níbẹ̀."

Ó fa bébà náà ya sí méjì, ó tún fà á sí mẹ́rin, ó ní kí n wá ṣà á nílẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣà á tán, mo padà sáyè mi. Gbogbo ìdáhùn tó wà lórí bébà yẹn ló tọ̀nà.

Nígbà tí èsì jáde, mo ti fìdí rẹmi. Bàbá mi ní ká lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. GRA Àpápá ló ń gbé, nínú ilé tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún ìyàwó rẹ̀. Bàbá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, a dúró sí ẹnu géètì nínú oòrùn. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wọlé lọ jíṣẹ́ wa. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, a sì gbọ́ èsì náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Sọ fún un kó lọ ra ìwé fún ọmọ rẹ̀, kó yé dà mí láàmú."

Ó ní "un." Ó ní "rẹ̀." Bàbá mi, tí àwọn awakọ̀ tírélà tí orí wọn ti funfun ń pè ní "ẹ̀yin ọ̀gá wa."

Ọkùnrin géètì jáde, kò lè wo ojú wa. Ó ní, "Bàbá, ọ̀gá ní kí ẹ máà bínú."

A gba Liverpool Road padà, bàbá mi ń fi ọ̀pá wọn wá ibi gbígbẹ láàárín àwọn tírélà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Wàá kàwé tán. Bó o bá kà á tán, wá ibi tó máa dun ọkùnrin yẹn jù."

Mo ra ìwé náà. Mo fa ojú ìwé náà ya. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yẹn jẹ mí ní odindi ọdún kan.

Lẹ́yìn náà mo kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé, mo sì padà sí yunifásítì kan náà láti ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́: kí n máa bá àwọn olùkọ́ wá ìwé tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí tí owó rẹ̀ kò gani lára, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti gbà kí ẹnikẹ́ni pín in kó sì tún un ṣe. Mo ní láti ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọ́pò èyí tó wọ́n. Wọ́n bi mí pé kọ́ọ̀sì wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì jókòó tán tí mo fi dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń kọ́ni ní kọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ jọ wá ìwé ọ̀fẹ́ tó dára. A yọ àwọn àpẹẹrẹ ìlú òkèèrè kúrò, a fi ìwọ̀n ẹrù inú kọ̀ǹtẹ́nà àti iye tírélà tó ń wọ èbúté lójúmọ́ rọ́pò wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo máa ń jókòó nínú yàrá mi l'Ájégúnlẹ̀, mo ń ṣe gbogbo ìṣirò inú ìwé olùkọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá nínú ìdáhùn tó tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ni kò tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ yẹn ní láíbìrì.

Mo fi han ọ̀dọ́kùnrin náà.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn nínú ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n tún un ṣe. Ojú á tì wọ́n ní ìpàdé ẹ̀ka tí wọ́n máa fi yan ìwé."

"Kí ojú tì í."

"Ẹ ò ṣàánú wọn ni?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń ṣàánú. Ibẹ̀ ni àánú mi tán sí."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Olùkọ́ náà dìde, ó ní ìwé ọ̀fẹ́ kò lè dára, pé ohun tí ènìyàn ò sanwó fún, kì í bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn kan mirí. Mo na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣe ìbéèrè keje inú ìwé yín lórí bọ́ọ̀dù."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó mọ iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣe é tán, ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ ká wo ìkẹrìnlá."

Ó ṣe ìkẹrìnlá. Mo mú un lọ sórí òmíràn, mo tún mú un lọ sórí òmíràn. Ẹfun ṣọ́ọ̀kì ti kún apá ẹ̀wù rẹ̀. Olórí ẹ̀ka náà ní, "Ó tó."

Mo ní, "Ó ku méje."

Wọ́n dìbò. Wọ́n yọ ìwé rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi òfin dè é pé kí olùkọ́ kankan má ṣe gba ojú ìwé tí a fà ya mọ́.

Ó dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn. "Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀: kíláàsì, géètì, ọ̀pá bàbá mi. Ó fi ọwọ́ lé iwájú orí, ó ń wá a lóòótọ́.

"Àwọn tó wá síbẹ̀ pọ̀," ló sọ. "Mi ò lè rántí."

Mo ti múra sílẹ̀ bó bá jiyàn, mo sì ti múra sílẹ̀ bó bá bẹ̀bẹ̀. Mi ò múra sílẹ̀ fún èyí. Inú bí mi lákọ̀tun, nítorí àwọn bàbá yòókù tí n kò mọ̀. Mo ní, "Ó dàárọ̀, sà," mo sì sọ̀ kalẹ̀. Ó wù mí pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe méje tó kù.

Ní Sátidé, bàbá mi ní kí n jókòó kí n ròyìn.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Mo sọ ọ́.

"Tún ibi bọ́ọ̀dù yẹn sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n pe aládùúgbò wa wọlé, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó jókòó ni àbí ó dúró?"

"Ó dúró, bàbá."

"Ó dáa. Kó dúró."

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé wa lórí fóònù. Àwọn tí fóònù wọn ò dára ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fótókópì lówó pọ́ọ́kú, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé.

Èmi kọjá sórí kọ́ọ̀sì kejì. Ìwé tirẹ̀ wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kà á láti páálí dé páálí, mo sàmì sí gbogbo àṣìṣe, mo wọ bàtà mi tó ń dún, mo lọ kan ilẹ̀kùn olùkọ́ kọ́ọ̀sì náà. Obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn, ó ń tún aṣọ orí rẹ̀ so. Mo ṣàlàyé ohun tí mo wá ṣe, mo ń dúró de ìjà.

"Ẹ wọlé, mà," ló sọ. "Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi pààrọ̀ ìwé yìí."

Ó fa àga fún mi. Mo jókòó, mo gbé fáìlì mi lé orí itan, n kò sì mọ ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ.